Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pọntí nílé, ewúro wà lẹ́yìnkùlé yín

Òdòdó hops kan wà ní Jámánì, Hallertau Mittelfrüh, tí kì í korò púpọ̀; torí òórùn dídùn ni wọ́n ṣe ń fi sí bíà. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ẹ fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, òkè òkun lowó ẹ̀ ń lọ. Ṣé dandan ni? Nígbà tíjọba fòfin de ọkà báálì òkèèrè lọ́dún 1988, ṣebí ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn iléeṣẹ́ ọtí gbá mú. Àwọn onímọ̀ wa náà ti fi ewúro àti orógbó dípò hops, ìkorò ẹ̀ sì jáde. Òórùn yẹn nìkan ló kù. Ta ló bèèrè òórùn Jámánì lọ́wọ́ ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́? Kó fowó yẹn ra ìgò tó mọ́, torí kíkan ló ń ba ọjà ẹ̀ jẹ́.