Òfin Gílóòbù: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Àṣẹ Ń Bẹ Lọ́wọ́ Rẹ̀



Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀ràn gílóòbù ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí àṣẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e yẹ̀ wò.

Gílóòbù àtijọ́ ni mo ń wí, èyí tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ń gbóná títí yóò fi tàn. Bí a bá pín iná mànàmáná tí ó ń jẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ìpín mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń di ooru lásán. Ìyókù díẹ̀ ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù fi pàṣẹ pé, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, kí àwọn tí ń ṣe é má ṣe gbé ti 100 wáàtì wá sí ọjà mọ́. Ti 75 wáàtì tẹ̀ lé e ní 2010, ti 60 ní 2011, ti 40 àti 25 ní 2012.

Kí ni àwọn ará ìlú ṣe? Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ra gílóòbù jọ sílé bí ẹni tí ìyàn ń bọ̀ wá bá. Ní 2010, àwọn ọkùnrin méjì níbẹ̀ kó o wọlé, wọ́n sọ ọ́ ní Heatball. Wọ́n ní kì í ṣe fìtílà, ohun tí ń mú ilé móoru ni. Ìjọba kò gbà fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ George W. Bush ni ó fọwọ́ sí òfin irú èyí ní 2007. Ṣùgbọ́n ní 2011 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ ni ó ṣáájú àwọn tí ń fẹ́ pa á rẹ́. Wọn kò rí i pa rẹ́, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin kọ̀ láti yọ̀ǹda owó tí a ó fi mú un ṣẹ.

Àwọn kan pè wọ́n ní òpè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì, a kì í gba ilé baba ẹni lọ́wọ́ ẹni. Gílóòbù tuntun tí a fi rọ́pò nígbà náà wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ó ń pẹ́ kí ó tó mọ́lẹ̀ tán. Mẹ́kúrì olóró sì wà nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá fọ́, ìṣọ́ra ni a fi ń gbá a. Lóòótọ́, iná díẹ̀ ni ó ń jẹ, ó sì ń tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n tálákà kì í rí owó ọ̀la ná lónìí.

Ẹ wo Kúbà. Láti 2005 sí 2006, ìjọba ibẹ̀ rán àwọn ọ̀dọ́ láti ilé dé ilé. Wọ́n yọ gílóòbù àtijọ́, wọ́n sì fi tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kò yin ìjọba tí kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀. Ohun tí mo yìn ni pé ó kó tuntun dé kí ó tó gba ògbólógbòó.

Nísinsìnyí gílóòbù LED ti dé. Kò ní mẹ́kúrì, ó ń tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè pọ́n rúsúrúsú bí ti àtijọ́, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ó yẹ kí ìjà ti parí. Síbẹ̀, nínú àṣẹ tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2025, ó ka gílóòbù mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù ní òmìnira láti yàn. Ìbínú tí a kò tù ní àkókò rẹ̀ ti pẹ́ ju ohun tí ó dá a sílẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, kí a tó ka ohun kan léèwọ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní ọjà àti ní agbo ilé. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè ohun tí yóò ná wọn. Kí a sì rí i pé ìrọ́pò rẹ̀ dára, ó tó, owó rẹ̀ kò sì ga. Bí ẹni tí ó tálákà jù kò bá lè rà á, kí àpò ìlú ràn án lọ́wọ́. Òfin tí a bá gbé kalẹ̀ báyìí, ọlọ́pàá díẹ̀ ni yóò fẹ́.