Ìkádìí Yàtọ̀ sí Kíkógbá-sílé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú wa láti máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni, "Eré lásán ni." Bí ènìyàn bá jókòó ti eré orí tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó wá dé apá ìkádìí, tí ìkádìí náà kò bára mu, tí inú sì bí i, àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a ní kò níṣẹ́ ṣe. Wọn a ní ta ni ó ń sunkún ẹni tí a kò bí rí, tí kò sì kú rí. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá. Ẹni tí ó bá ráhùn nítorí ìkádìí tí kò dára, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń béèrè, àwa Yorùbá ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti ro irú ẹjọ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí ó wà nítòsí. Toronto, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Burlington ń bá lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ni wọ́n ti ṣe eré kan tí ń jẹ́ Forever Knight, láti ọdún 1992 títí di 1996. Kì í ṣe pé wọ́n ya eré náà níbẹ̀ nìkan, Toronto gan-an ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èyí kò wọ́pọ̀, nítorí pé bí àwọn oníṣẹ́ fíìmù bá ya àwòrán ìlú náà, New York tàbí Chicago ni wọ́n sábà máa ń pè é.

Nick Knight ni olórí eré náà, Geraint Wyn Davies ni ó sì ṣe é. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ṣùgbọ́n òru ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé oòrùn lè jó o pa. Ọ̀kan ni nínú àwọn amùjẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní vampire, òkú tí kò kú, tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jẹ́ oúnjẹ fún. Ọdún 1228 ni LaCroix, ọ̀gá rẹ̀, sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ó pa ènìyàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó ronú pìwà dà. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀, ó ń mu ti màlúù, ó sì ń fi iṣẹ́ ọlọ́pàá san gbèsè ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Natalie Lambert, dókítà tí ń yẹ òkú wò, mọ àṣírí rẹ̀, òun ni ó sì ń bá a wá ìwòsàn tí yóò fi padà di ènìyàn.

Ẹ wò ó bí ìtàn yìí ti súnmọ́ wa tó. Àìkú ni ọmọ aráyé ń tọrọ. Ọkùnrin yìí ti ní i, ó ń wá ibi tí yóò dá a padà sí. Àwọn baba wa ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọkùnrin yìí ti ná ọjà fún ọdún 768, ilẹ̀ ti ṣú, ọjà ti tú, kò sì rí ọ̀nà ilé. Sáà mẹ́ta ni wọ́n ṣe, àròpọ̀ gbogbo apá rẹ̀ jẹ́ 70, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ ẹni tí ó ti pa ènìyàn lè san gbèsè náà tán, kí ó sì délé?

Kí ni wọ́n fi dáhùn? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, wọ́n gbé apá ìkádìí jáde, wọ́n pè é ní Last Knight. Schanke, ọlọ́pàá tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹnìkejì Nick lẹ́nu iṣẹ́, ti kú sínú ọkọ̀ òfurufú ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta. Nígbà tí ó ku apá kan kí eré parí, Vachon kú. Ní apá ìkádìí fúnra rẹ̀, ìbọn ba Tracy, ẹnìkejì Nick tuntun, ó kú. Natalie fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún Nick nítorí ìfẹ́, Nick mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọjá àlà, obìnrin náà ń kú lọ. Nick kò fẹ́ sọ ọ́ di amùjẹ̀ bí ara rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó ní kí LaCroix fi igi gún òun pa. LaCroix gbé igi sókè. Ibẹ̀ ni eré náà parí sí, kò sì sí sáà kẹrin.

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí ìkádìí má korò. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970, obìnrin náà gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní ìparí, kò sì sí òǹwòran tí yóò dìde béèrè pé kí ló dé. Gbogbo ènìyàn ni ó ti rí Adétutù, ẹrú rẹ̀ tí ó ní kí wọ́n bẹ́ lórí nítorí oyún. Gbèsè ni Ẹfúnṣetán jẹ, ọjọ́ pé, olówó dé. Ikú rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí ó ti wá, a sì mọ ohun tí a fi san.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí a ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọdún bá parí, a ó kọ gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ní sílẹ̀, a ó kọ gbogbo ohun tí ó jẹ àti ìpín àwọn tí ó ni ín sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì a sì ṣe déédéé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ àdánù ni wọ́n bọ́ sí, àdánù náà yóò ní orísun, ẹni tí ó bá yẹ ìwé wò yóò rí ìlà tí ó ti jẹyọ. Kíkógbá-sílé yàtọ̀ sí èyí. Ilé iṣẹ́ tí ó kógbá sílé a máa ta àga, a ta tábìlì, a ti ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá sì jẹ ní gbèsè a máa wo ojú títì. Lójú tiwa, kíkógbá-sílé ni Last Knight. Wọ́n kó àwọn ènìyàn inú eré náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó àga jáde. Ikú Tracy kò san gbèsè kankan. Ikú Natalie kò dáhùn ìbéèrè kankan. Nick tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jìjàkadì kí ó má pa ènìyàn mọ́, ẹni tí ó fẹ́ràn jù ni ó pa, wọ́n sì tan iná pa kí a tó gbọ́ ìdájọ́.

Àwọn tí ó fẹ́ràn eré náà kò gbà. Láti ọdún náà wá ni wọ́n ti ń kọ ìkádìí mìíràn fún un: òmíràn jí Natalie dìde, òmíràn sọ Nick di ènìyàn. Ibí yìí ni àwọn ẹlẹ́yà wa ti ń rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní ẹni tí ó ni eré ni ó ni ìkádìí, òǹwòran kò ní ẹ̀tọ́ láti yí i padà. Ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n bá wa kí àwọn ará Kòso. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, nǹkan bàjẹ́ fún Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ó kúrò nílùú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pokùn so. Àwọn ọ̀tá sọ ọ́ di orin lẹ́nu: ọba so. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gba ìkádìí náà. Wọ́n lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n kọ́ oògùn tí ń pe àrá, iná ń jó ilé kiri, títí gbogbo ìlú fi yí ohùn padà pé ọba kò so. Gbólóhùn náà ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe àkọlé eré tí ó ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí ó sì gbé dé Berlin ní 1964. Àwa tí a fi ọba kò so ṣe oríkì, kí ni a fẹ́ máa fi òǹwòran tí ó ní Nick kò kú ṣẹ̀sín sí?

Kì í ṣe àwọn díẹ̀ ní Toronto nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Game of Thrones parí ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2019, lẹ́yìn sáà mẹ́jọ, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún sáà ìkẹyìn ṣe. Daenerys, tí ó fi ọ̀pọ̀ sáà tú ẹrú sílẹ̀, sun ìlú kan níná pẹ̀lú tọmọdé tàgbà. Láàárín apá díẹ̀ ni ó yí padà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ó yẹ kí ó gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò kò rí ìlà tí iye náà ti jẹyọ. A kò fọwọ́ sí èébú tí àwọn kan máa ń bú òṣèré. Òṣèré kò kọ ìwé. Síbẹ̀, ẹni tí ó gba ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ ènìyàn kò lè sọ pé òun kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Àwọn baba wa kò fi ìtàn ṣe "eré lásán" rí. Ẹni tí ó ń pa àlọ́ fún ọmọdé lálẹ́ kò gbọdọ̀ dìde lọ bẹ́ẹ̀. Yóò sọ ìdí àlọ́ rẹ̀, yóò sì búra lójú gbogbo ọmọ pé bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ró. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka gbá ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pó, pó, pó, àwọn ọmọ a sì gbọ́. Ìjàpá kì í ṣe ènìyàn, gbogbo ọmọ ni ó mọ̀ pé kò sọ̀rọ̀ rí. Síbẹ̀ a ní kí apàlọ́ búra. Kí ni ó ń búra lé lórí bí kò ṣe pé àlọ́ náà pé, pé òun kò fi gbèsè sílẹ̀ sínú rẹ̀?

Ó wá kan ilé. Àwa kan náà tí a ní agogo ẹnu ni a tún sọ "ẹ máa retí apá kejì" di àṣà. Láti ayé fídíò ọdún 1990 síwájú ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ìyàwó dákú, ọkọ fẹ́ ya ilẹ̀kùn, ni "To God be the Glory" bá hàn lójú àwòrán. A ó tún san owó mìíràn. Apá kejì a dé, òmíràn kò sì ní dé láéláé. A rà á, a dákẹ́, nítorí pé tiwa ni. A kò rí ìfẹ́ nínú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn oníṣòwò yóò bá a yẹ ìwé rẹ̀ wò.

Ní 2022, Kúnlé Afọ́láyan gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix, ó sì fi eré onípele tẹ̀ lé e ní 2024. Sàró, ahunṣọ, gba agbára ẹyẹ àkàlà, ó ń jí òkú, ó sì sọ ọ́ di òwò, títí tí ojúkòkòrò fi mú un béèrè ọmọ ọba. Ìbéèrè Nick Knight nìyí ní Ọ̀yọ́ ilé: ẹni tí ó ti fi ikú ṣe òwò, kí ni yóò fi san án? Iye sáà tí ó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe. Ohun tí a ń béèrè ni kí ìkẹyìn rẹ̀ rántí gbèsè yẹn. Àwọn ọmọ tí a bí sí Burlington kò ní jókòó lábẹ́ òṣùpá gbọ́ àlọ́. Irú eré báyìí ni wọn yóò ti mọ bí Yorùbá ti ń ro ọ̀ràn ikú, ìwà àti ẹ̀san. Bí a bá fi kíkógbá-sílé hàn wọ́n, wọn yóò rò pé bí a ti ń ronú nìyẹn.

Nítorí náà, a ní àbá méjì. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa má ṣe polówó eré kan tàbí kí a fi í hàn níbi ìpàdé wa mọ́ láìjẹ́ pé a ti wò ó dé ìparí, tí a sì mọ̀ pé ó ní ìparí. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí inú bá bí nítorí ìkádìí kan mú kálàmù, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ṣe eré náà, kí ó sọ gbèsè tí wọn kò san ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí èébú. Bí wọ́n bá fèsì pé eré lásán ni, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi gba owó gidi.