Orúkọ Ara Ògiri àti Láádá Ọ̀run



Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kọjá ní Ṣàngótẹ̀dó, tí ó sì tẹ̀síwájú dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, yóò dé Yunifásítì Pan-Atlantic. Nínú ọgbà rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ọnà kan wà, tí a ṣí ní 2019, tí orúkọ Ọmọọba Yẹmisí Shyllon wà lára rẹ̀, nítorí òun ni ó fi ẹgbẹ̀rún kan iṣẹ́ ọnà ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ.

Àwọn oníṣòwò kan nínú jámáà wa ń bi mí pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí orúkọ ẹni tí ó tọrẹ wà lára ilé? Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti dájọ́ pé ṣekárími ni.

Ní Súrátù Bákárà, Ọlọ́run yin ìtọrẹ gbangba, ó sì fi yé wa pé ti ìkọ̀kọ̀ sàn jù. Nítorí náà orúkọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àníyàn ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Ta ni kò mọ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní 1894? Oníṣòwò bí tiyín ni Mohammed Shitta, owó ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ pé Fatima al-Fihri ni ó fi ogún bàbá rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí Al-Qarawiyyin ní Fez, nílẹ̀ Mòrókò, ní 859, èyí tí ó di yunifásítì. Orúkọ àwọn ará Qayrawan, ìlú tí ìdílé rẹ̀ ti wá, ni ilé náà ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ju orúkọ lọ nìwọ̀nyí: ǹjẹ́ owó náà mọ́? Ǹjẹ́ ohun tí a yóò fi máa tún ilé náà ṣe wà? Ǹjẹ́ ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tọrẹ pátápátá? Nígbà tí Umar ní ilẹ̀ ní Khaybar, Ànábì wa gbà á nímọ̀ràn pé kí a má tà á, kí a má jogún rẹ̀, kí èrè rẹ̀ máa lọ fún àwọn aláìní. Wàkáfì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ṣàngótẹ̀dó, nítorí ilẹ̀ ti di wúrà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fi ẹnu lásán fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé kéú, bí ó bá kú, owó lè wọ àwọn ọmọ rẹ̀ lójú. Ẹ kọ ìwé, ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ yan olùtọ́jú.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má ṣe rò pé ti olówó ńlá nìkan ni. Ẹgbẹ́ kan lè dáwó jọ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì, tàbí kí ó máa sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ òrukàn kan. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹlòmíràn lè rí i kí ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Bí ẹ kò bá sì fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri yóò ṣí, ṣùgbọ́n láádá rẹ̀ kì í ṣí.

Kí Ọlọ́run gba iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Àmín.