Bátìrì Tó Sùn Kò Tíì Kú

Ní Bẹẹrẹ tiwa níbí, bí bátìrì sólà bá ti kọ̀ tí kò mú iná wá mọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ kejì ni pé kí wọ́n jáńpù bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ méjèèjì.

Bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì náà, òun là ń pè ní BMS. Ṣíìpù kan ló ń ṣọ́ wọn níbẹ̀. Bí iná inú sẹ́ẹ̀lì bá lọ sílẹ̀ jù, ṣíìpù á gé ọ̀nà iná, á sì pa ara rẹ̀ náà kó má baà fa ìwọ̀nba tó kù mu. Ẹ gbé mítà sí ẹnu bátìrì nígbà náà, òdo lẹ máa rí, tàbí nǹkan tó jọ òdo. Olùṣọ́ ló sùn, sẹ́ẹ̀lì lè wà láàyè.

Nínú tọ́ọ̀ṣì àti power bank, ṣíìpù DW01 wọ́pọ̀ gan-an. Kò ní ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún un. Bí sẹ́ẹ̀lì bá já sí nǹkan bíi fóòtì 2.4, ó sùn nìyẹn. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó jí.

Ti àwọn ńlá le díẹ̀. Ẹ mú BQ76920 ti Texas Instruments, tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì 3 sí 5. Ó máa ń retí kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ lè jí i láìsí ọ̀gá yẹn: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ TS1, bọ́tìnì téèyàn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó gbé fóòtì díẹ̀ wọ ibẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n jíjí yàtọ̀ sí iṣẹ́ o! Tó bá jí tán, ọ̀nà iná ṣì wà ní títì títí ọ̀gá á fi pàṣẹ. Ẹni tí ò mọ èyí á ní ṣíìpù ti jóná, á yọ ọ́ dànù.

Sólà ló wá dá kún wàhálà yìí. Ọ̀pọ̀ kọntiróla sólà ló ń gba agbára tirẹ̀ lára bátìrì. Bátìrì ń dúró de ṣájà kó tó jí, kọntiróla ń dúró de bátìrì kó tó ṣiṣẹ́. Oòrùn á ràn láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn níran.

Ìdí tí wọ́n fi ń jáńpù nìyẹn, mi ò sì bú wọn: wáyà kan láti B- sí P-, iná dé, oníbàárà sanwó. Wáyà tí wọ́n fi síbẹ̀ títí ni ìjà mi. Kò sólùṣọ́ mọ́ nìyẹn. Bí iná sẹ́ẹ̀lì bá lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, bàbà inú rẹ̀ á máa yọ́ sínú omi rẹ̀. Tí wọ́n bá tún wá ṣájì i, bàbà yẹn á dì padà, ó lè ṣe afárá láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù, kí sẹ́ẹ̀lì gbóná, kó gbiná. Ní àdúgbò tí ilé ti fara ti ilé báyìí, ta ni ọwọ́ iná máa dá sí?

Ṣájà lítíọ́mù tó bá bátìrì náà mu, irú èyí tí kì í dúró de bátìrì kó tó gbé iná jáde, máa ń jí ọ̀pọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan o. Èyí tó bá ti pẹ́ nísàlẹ̀ fóòtì 2, ẹ má jí i rárá.

Àwọn tó ń ṣe bátìrì àtàwọn tó ń kó o wọlé ni mo di ẹ̀bi tó kù rù. Bọ́tìnì kan ò wọ́n. Kí wọ́n gbé e sí ara bátìrì níta, kí wọ́n sì kọ bí a ṣe ń jí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní èdè tí ẹni tó ń tún un ṣe ní Bẹẹrẹ lè kà.