Orí Fífọ́ Lẹ́bàá Másìtì: Ta Ni Yóò Wá Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ̀yin ará wa ní Erunmu àti àgbègbè rẹ̀! Láti 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà ni másìtì ti ń hù láàárín ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣọ, tẹ́ ẹ ń tajà, tẹ́ ẹ ń ṣọ́de nídìí rẹ̀ ń ráhùn: orí ń fọ́, oorun ò kún ojú. Ta ló wá wò ó nínú àwọn tó wà lórí àléfà?

Àwa ò ní purọ́ fún yín torí ìbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ìnira náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí pé ìtànṣán másìtì ló ń fà á. Ní 2011, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí jẹjẹrẹ ní ó ṣeé ṣe kí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ fa jẹjẹrẹ. Ní 2012, ẹ̀ka kan náà ní èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fà á, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Kí sì ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ abẹ́ másìtì ń mu? Dísẹ́ẹ̀lì ni! Ariwo rẹ̀ ń lé oorun, èéfín rẹ̀ ń wọlé.

Òfin wà. Ní 2009, NCC ní kí másìtì fi mítà 5 jìnnà sílé. Ní 2011, NESREA ní mítà 10 ni. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a.

Bí olùdíje bá dé, ẹ gba ìrẹsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í: ìgbà wo lẹ máa wọn ìtànṣán yìí níṣojú wa? Ẹgbẹ́ wa yóò wọ̀n ọ́n, a ó lẹ èsì mọ́ ògiri káńsù Ẹgbẹ́dá, a ó sì jà kí jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín.

Ẹ ronú kí ẹ tó tẹ̀ka!