Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Ṣú Bá Wa Ní Ìbàràpá

Bí ìsinmi bá ti ń súnmọ́, ilé etí omi ní òkè òkun ni ó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa, irú èyí tí ó wà ní Sirmione ní Ítálì, níbi tí adágún Garda ti yí ilẹ̀ ká lọ́nà mẹ́ta. Àlejò a gba ilé fún ọjọ́ mélòó kan, a sì fara balẹ̀ ti omi. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti adágún tiwa, eré ni a máa ń sá. A ó jí kúrò ní Ìbàdàn ní kùtùkùtù, a ó gun òkè Adó-Àwáyè, a ó ya fọ́tò létí Ìyákẹ́, a ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní tèmi, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ṣe àlejò láǹfààní, kò sì ṣe onílé ní rere.

Adó-Àwáyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Kò sí lára ìlú méjèèje Ìbàràpá, ṣùgbọ́n aládùúgbò ni wọ́n. Ẹni tí ó bá sùn sí Èrúwà tàbí Lánlátẹ̀ lè jáde ní òwúrọ̀, kí ó gun àtẹ̀gùn òkè náà tí ó lé ní 300, kí ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé àlejò sí etí Ìyákẹ́. Orí àpáta ni adágún náà wà, ibi ọ̀wọ̀ sì ni fún àwọn tí baba ńlá wọn ti gbé orí òkè náà rí. Ìsàlẹ̀, láàrin ìlú, ni ó yẹ kí àlejò wọ̀ sí.

Gbígba àlejò kò ṣàjèjì sí ará Ìbàràpá. Láti ọdún 1963 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ nípa ìlera ará ìlú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Èrúwà, ní Lánlátẹ̀ àti ní Igbó-Ọrà, àwọn onílé sì ti ń fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí ni ó dé tí onílé kan kò lè ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún arìnrìn-àjò? Ibùsùn tí ó mọ́, omi, kọ́kọ́rọ́ àti iye owó tí kò fara sin ti tó. Owó ọjọ́ mẹ́rin yóò kan onílé, olóúnjẹ àti ọlọ́kadà. Ti ìrìn ọjọ́ kan kì í ju owó epo ọkọ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2021 ni àwọn agbébọn kọlu Ìgàngàn, a kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé a ti gbàgbé. Nítorí náà, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ onílé yín kí ẹ tó gbéra, ẹ má sì rin ìrìn òru. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé àpáta a máa yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ fi ẹnu kò lórí owó yàrá àti ti oúnjẹ ṣáájú. Bí ẹ bá dé Adó-Àwáyè, ẹ gba amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ sì pa èèwọ̀ tí ó bá sọ fún yín mọ́.

Fún ẹni tí ó ń kọ́ èdè wa, alẹ́ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jùlọ. Nídìí àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ilá ni ẹ ó ti gbọ́ bí ará Igbó-Ọrà ṣe ń kí ìyá ìbejì, àti bí ohùn Ìbàràpá ṣe yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé. Ẹni tí ó bá ti padà sí Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú kò lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin onílé, ẹ tún yàrá ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ sùn níbẹ̀. Ire o.