Ẹ má fi ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ fún ìrònú o!

Ẹni tó bá mọ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun dáadáa mọ̀ pé ilé ìlú méjèèjì fara kanra ni, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Síbẹ̀, ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2025, ilé jóná, ẹ̀mí lọ, títí tí Gómìnà Adeleke fi kéde kónílé-ó-gbélé wákàtí 24.

Wọ́n ń ka ilé tó jó, ta ló ń ka ọmọkùnrin tí kò róorun sùn mọ́? Kò ní í sọ fún bàbá ẹ̀, kí wọ́n má baà ní ojo ni. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i pé bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà báyìí, ńṣe ló ń fò sókè. “Gbé e kúrò lọ́kàn” kì í sì í ṣe oògùn. Kó sùn tì í, kó gbọ́ tẹnu ẹ̀, kó sìn ín dé ọsibítù.

Lọ́dún 1954 ni Dókítà Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ Árò, l'Ábẹ́òkúta, máa gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gbàtọ́jú lójúmọ́.

Èyí tọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ wà lódìkejì ààlà ńkọ́? Bó bá lọ kí i, wọ́n lè ní amí ló ń ṣe. Ṣebí fóònù wà, kó pè é lálẹ́ òní.